Kẹ̀ǹbẹ̀ Ajalèlókun

Ìwé pélébé kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, ọmọ wa ti ilé ìwé dé, ó nà án sí wa bí ẹni tó ń jíṣẹ́ ọba. Ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe ọjọ́ ìwé kíkà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan múra bí ẹnì kan nínú ìwé tó ti kà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Àwa ti ń retí kó sọ pé Ìjàpá ni òun fẹ́ jẹ́, tàbí Àkàrà-Ògùn, torí a ti ń ka Fágúnwà fún un lálaalẹ́. Ó wò wá lójú, ó ní, "Pirate ni mo fẹ́ jẹ́."

A túmọ̀ rẹ̀ fún un, bóyá á yí ọkàn padà. A ní olè ni. A ní olè ojú òkun, ajalèlókun, ẹni tó ń dá ọkọ̀ ojú omi lọ́nà bí àwọn kan ṣe ń dá mọ́tò lọ́nà ní márosẹ̀. Ṣe ni ojú rẹ̀ túbọ̀ ń dán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ẹ lọ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé olè ò dáa nígbà tí olè náà ní idà àti ọkọ̀ tiẹ̀.

Kí ẹ tó máa bi ara yín pé ta ni "àwa" yìí, tọkọtaya ni wá. Kọ̀ǹpútà la jọ kà ní yunifásítì, kóòdù la jọ ń kọ jẹun, yàrá kan náà la sì ti ń ṣe é, nínú fúláàtì wa ní Gowon Estate níbí. Bí iná bá lọ, ẹni tí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù tiẹ̀ bá ṣẹ́ kù lá máa bá iṣẹ́ lọ, èkejì á lọ tan jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà, a rò pé iṣẹ́ kékeré ni iṣẹ́ ajalèlókun yìí. A to ohun tó nílò sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́: fìlà, ohun tí a ó fi bo ojú kan, idà onípáálí, ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ àyàfi ṣòkòtò.

Ṣòkòtò ló fẹ́ pa wá.

Kì í ṣe pé a ò wá a o. A wá a nínú ọjà Gowon, a wá a dé Ẹ̀gbẹ́dá, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Katangua lọ́nà Abúlé-Ẹ̀gbá, níbi tí òkìríkà ti ga bí òkè, tí àwọn ọmọ ọjà ń na aṣọ sókè tí wọ́n ń pariwo iye rẹ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni jíǹsì, ṣòkòtò bọ́ọ̀lù, àti ṣòkòtò obìnrin kan báyìí tí ọmọ wa ní òun ò ní wọ̀ láéláé. Nígbà tó sú wa, a rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà. Ó dé nínú ọ̀rá, ó ń dán, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó fún pinpin ní orúnkún. Ọmọ wa wọ̀ ọ́, ó yọ idà, ó lóṣòó láti sá pamọ́ sẹ́yìn àga. Fàà! Ó ya láti ẹ̀yìn dé iwájú.

Ìgbà yẹn ni ìbéèrè kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí wa lọ́kàn, ìbéèrè tó yẹ ká ti bi ara wa kí owó tó jáde: àwọn tó ń gun òpó ọkọ̀ lójú òkun láyé ọjọ́un, ṣé irú ṣòkòtò yìí ni wọ́n ń wọ̀? Bí ẹni tó lóṣòó ní pálọ̀ bá ya ṣòkòtò, ẹni tó ń gun òkè nínú ìjì ńkọ́?

Iṣẹ́ wa ti kọ́ wa pé bí nǹkan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ìdí rẹ̀ lèèyàn ń padà sí. Lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, a jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ṣòkòtò tó fún ní orúnkún, tí wọ́n de bọ́tìnnì mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti àwọn ará orí ilẹ̀ ni. Lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó gbòòrò ni ọ̀pọ̀ atukọ̀ ń wọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó dúró níwọ̀n orúnkún tàbí kó kọjá rẹ̀ díẹ̀. Ìdí rẹ̀ tú dáadáa kí èèyàn lè gbé ẹsẹ̀ sókè, kó lóṣòó, kó di okùn mú kó máa gùn ún lọ. Àwọn mìíràn máa ń fi ọ̀dà pa á kí omi má bàa wọlé. Okùn wà lẹ́yìn ìbàdí tí wọ́n lè fà kó fún tàbí kí wọ́n dẹ̀ kó tú.

Iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tó ń lé àwọn ajalèlókun kiri, kò ní aṣọ iṣẹ́ kan pàtó fún àwọn atukọ̀ lásán títí di 1857. Aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ni wọ́n ń tà fún wọn nínú ọkọ̀, tí wọ́n á yọ owó rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn. Àdéhùn kan wà láti 1706 tó to àwọn aṣọ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ṣòkòtò onílà kan wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi irú aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo bẹ́ẹ̀dì rán: aṣọ funfun nínú, àpò méjì, bọ́tìnnì dúdú 16, owó rẹ̀ ṣílè márùn-ún. Inú wa dùn. Àwa tí à ń kọ kóòdù fẹ́ràn ẹni tó bá kọ iye bọ́tìnnì sílẹ̀.

A wo àwòrán àwọn atukọ̀ náà títí. Ọ̀kan nínú wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Ẹ gbà mí o, ṣé kì í ṣe kẹ̀ǹbẹ̀ nìyí?"

Kẹ̀ǹbẹ̀ ni lóòótọ́. Kì í ṣe ṣòóró tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Kẹ̀ǹbẹ̀, èyí tó fẹ̀ rẹ̀gẹ̀jẹ̀, tí okùn dì mọ́ ìdí, tí àwọn baba ńlá wa ń wọ̀ gun ẹṣin, tí wọ́n ń wọ̀ jó. A ò sọ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan lẹ́nì kejì ti kọ́ ọ o. Ẹni tó ń gun ẹṣin àti ẹni tó ń gun òpó ọkọ̀, ohun kan náà ni ẹsẹ̀ wọn ń béèrè lọ́wọ́ aṣọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwa ti wá a dé Katangua.

Bàbá Télọ̀ wà ní àdúgbò wa, lábẹ́ búkà páànù kan, pẹ̀lú maṣíìnì tó ti dàgbà ju wa lọ. A lọ kí wọn lọ́jọ́ kejì, a na fóònù sí wọn. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀.

"Òyìnbó wo ló wọ kẹ̀ǹbẹ̀ yìí?"

"Atukọ̀ ni, sà. Ó ti lé ní ọdún ọ̀ọ́dúnrún."

"Ó gbọ́n. Ṣòkòtò tó bá ní kéèyàn má lóṣòó, ẹ̀wọ̀n ni." Wọ́n wo ọmọ wa láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ lo fẹ́ wọ̀ ọ́? Lóṣòó ká wò ó." Ọmọ lóṣòó. "Fò sókè." Ó fò. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fa téèpù yọ. Wọ́n ní, "Àǹkárá ò lè gbé irú èyí o. Yóò kàn máa fẹ́ lẹ́lẹ́ ni. Ẹ wá aṣọ tó nípọn, aṣọ tó lè jìyà. Ṣé ẹ ò ní kíjìpá nílé ni?"

A ò ní. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó ní. Màmá wà ní Ìsẹ́yìn, ìyá ọ̀kan nínú wa, ìyá àna èkejì. A pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní kíjìpá kan wà nísàlẹ̀ àpótí, onílà aró àti funfun, ìyá àwọn fúnra wọn ló hun ún, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ró o mọ́. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" A ní aṣọ atukọ̀ ni, Mà, fún ọmọ, wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ ìwé kíkà. A ò parọ́. A kàn ò sọ ọ́ tán ni. Ọjọ́ kẹta, mọ́tò gbé e dé gáréèjì Ìyànà-Ìpájà. Ó wúwo. Ó ń rùn bíi káfúrà àti ilé àgbà. Onílà ni, bíi ti 1706 gẹ́lẹ́.

Ó ku orúkọ. Ọmọ wa ní òun ò lè jẹ́ ajalèlókun lásán, òun gbọ́dọ̀ ní orúkọ. A tún padà sídìí kíkà. Ẹni tí a kọ́kọ́ rí mú inú rẹ̀ dùn débi pé ó fò lórí àga: John King, ọmọdé, ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá, tó tẹ̀lé àwọn ajalèlókun lọ ní 1716. Ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ rì sí etíkun Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin 1717. Wọ́n rí ọkọ̀ náà lábẹ́ omi ní 1984, lára ohun tí wọ́n sì yọ níbẹ̀ ni bàtà kékeré kan, ìbọ̀sẹ̀ sílíìkì, àti egungun ẹsẹ̀ ọmọdé. Ọmọ wa ní, "Èmi nìyẹn." Ó béèrè orúkọ ọkọ̀ náà. A ní Whydah ni wọ́n ń pè é.

Lẹ́yìn tó sùn la tó béèrè lọ́wọ́ ara wa ibi tí orúkọ yẹn ti wá.

Ouidah ni. Báyìí ni Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ Ouidah. Kéèyàn kọjá Àgbádárìgì, kó kọjá Sẹ̀mẹ̀, kó kọjá Kútọnu, ó dé e. Ọkọ̀ ẹrú ni ọkọ̀ yẹn. Kí àwọn ajalèlókun tó gbà á, ó ti kó èèyàn ní etíkun ìhà ọ̀dọ̀ wa, ó ti tà wọ́n ní Jàmáíkà. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ajalèlókun tó dé Ouidah fúnra rẹ̀. A rí i. Ì bá dáa ká má rí i.

Bartholomew Roberts ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Wales. Inú ọkọ̀ ẹrú lòun náà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ajalèlókun mú un ní etíkun Gánà ní 1719, tó sì di ọ̀gá wọn. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1724 ṣàpèjúwe aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó kú: wẹ́síkóòtì àti ṣòkòtò dámásíìkì pupa, ìyẹ́ pupa lára fìlà, ẹ̀wọ̀n wúrà lọ́rùn. Òun gan-an ni ajalèlókun tó wà lára páálí aṣọ tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù kìíní 1722, Roberts wọ Ouidah. Ọkọ̀ 11 ló bá níbẹ̀, ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n. Ó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan san wúrà kó tó lè gba ọkọ̀ rẹ̀ padà. Àwọn yòókù san án. Ọ̀gá ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Porcupine kọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Roberts dáná sun ọkọ̀ náà. Nǹkan bí ọgọ́rin èèyàn ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so méjì-méjì pọ̀. Títú ẹ̀wọ̀n náà yóò gba àkókò, wọ́n sì ń kánjú. Àwọn kan jóná. Àwọn kan fò sómi pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa pa láàpútọ́ọ̀pù dé. Nígbà tó ṣe, èkejì tún ṣí i, torí èèyàn ò lè dá ìtàn dúró síbẹ̀ yẹn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan bá Roberts, ìbọn pa á ní ọjọ́ 10 oṣù kejì. Wọ́n kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Cape Coast ní Gánà. Wọ́n ṣẹjọ́ àwọn òyìnbó inú wọn, wọ́n so 52 kọ́, wọ́n dá àwọn mìíràn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn dúdú tó lé ní ọgọ́ta wà lára wọn. A ò rí ẹjọ́ kankan tí wọ́n bá àwọn yẹn ṣe. Wọ́n tà wọ́n ni.

Kíjìpá ìyá Màmá wà lórí tábìlì ní gbogbo ìgbà tí à ń ka nǹkan wọ̀nyí. Ẹ gbà á gbọ́, a ò lè wò ó. Ẹnì kan jókòó sídìí òfì ní Ìsẹ́yìn, ó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan hun ún. Àwa wá fẹ́ gé e fún ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó lè jọ ẹni tó dáná sun ọgọ́rin èèyàn nítorí pé ó ń kánjú. Ọ̀kan nínú wa ní ká dá aṣọ náà padà, ká ní kí ọmọ lọ jẹ́ Ìjàpá tipátipá. Èkejì ní kí ni ọmọ mọ̀, ká jẹ́ kó ṣeré tiẹ̀. A jà díẹ̀. Kì í ṣe ìjà ńlá, ṣùgbọ́n a sùn láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a pe Màmá, a sọ òótọ́ tó kù. A ní kì í ṣe atukọ̀ lásán, olè ojú òkun ni. A sọ ti Ouidah. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí a fi wo fóònù bóyá ó ti já.

"Ṣé ẹ ti gé aṣọ náà?"

"A ò tíì gé e, Mà."

"Ẹ gé e. Aṣọ kì í hùwà, èèyàn ló ń hùwà." Wọ́n tún dákẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ náà o. Kó má wọ aṣọ ìyá mi kó máa fi àìmọ̀kan yan kiri."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a pè é jókòó. A sọ fún un pé àwọn ọkọ̀ tí àwọn ajalèlókun ń jà lólè, èèyàn ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, èèyàn bíi tiwa. A sọ fún un pé àwọn dúdú náà wà lára ajalèlókun. Ojú rẹ̀ tàn. A sọ ohun tí wọ́n fi àwọn yẹn ṣe nígbà tí ọwọ́ bà wọ́n. Ojú rẹ̀ ṣú.

"Wọn ò gbọ́ ẹjọ́ wọn rárá?"

"Rárá."

"Kí ni orúkọ wọn?"

A ní orúkọ wọn ò sí nínú ìwé tí a kà.

"Kí ló dé?"

A ò rí èsì fún un. Ti ọkọ̀ Porcupine, ọ̀kan nínú wa la ẹnu láti sọ ọ́, ó wo ojú ọmọ náà, ó pa ẹnu dé. Àwa méjèèjì jọ pa á dé ni. Màmá ní ká sọ fún un. A sọ ìdajì.

Bàbá Télọ̀ rán an lọ́jọ́ méjì. Wọn ò jẹ́ ká fi rọ́bà sí ìbàdí, wọ́n ní okùn ni kẹ̀ǹbẹ̀ mọ̀. A sọ ti bọ́tìnnì 16, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ìgbà tí ọmọ bá fi máa tú bọ́tìnnì 16 tán, ìtọ̀ á ti jáde. Mẹ́rin ni wọ́n fi sí i, dúdú. Wọ́n ya ẹsẹ̀ rẹ̀ ní fífẹ̀, wọ́n fi aṣọ kún ìdí rẹ̀, àpò méjì, aṣọ funfun nínú. Nígbà tí a fẹ́ sanwó, wọ́n yí ìṣẹ́tí rẹ̀ síta hàn wá. "Ínǹṣì mẹ́rin ni mo ká sínú. Ọmọ ń dàgbà, kíjìpá ò sì ní gbó. Ẹ máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Ọjọ́ ìwé kíkà dé. Ilé ìwé kún fún ọba, ayaba, dókítà àti ẹranko. Àwọn ajalèlókun mẹ́rin mìíràn wà níbẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ dídán. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọmọ wa ti ní òun ò mú idà mọ́, a ò sì bi í ní ìdí. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà béèrè pé, "Ìwọ, ta ni ẹ́?" Ó ní, "Atukọ̀ ni mí. Wọn ò kọ orúkọ mi sílẹ̀." Àwọn òbí rẹ́rìn-ín, tíṣà náà rò pé ó ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, ó sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó lọ jókòó. Kò gba ẹ̀bùn kankan. Ọmọ kan tó wọ aṣọ kìnnìún ló gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ ya fọ́tò, ajalèlókun kan lára àwọn mẹ́rin yẹn ń fi ọwọ́ bo ìdí. Tiwa lóṣòó síwájú, orúnkún méjèèjì síta, ara tù ú.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Kẹ̀ǹbẹ̀ yẹn ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ nínú ẹ́sítéètì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ti sú wọn. Lóṣù tó kọjá, a rí i pé ó ti gòkè kọjá orúnkún rẹ̀, a gbé e tọ Bàbá Télọ̀ lọ. Wọ́n tú ínǹṣì kan sílẹ̀. Ibi tí aṣọ ti wà ní kíká dúdú ju ibi yòókù lọ, aró rẹ̀ ò tíì ṣá, bí ìgbà tí ìyá Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, ó béèrè, láìwo ojú wa, pé: "Àwọn èèyàn inú àwọn ọkọ̀ tó wà ní Ouidah yẹn, kí ni Roberts ṣe fún wọn?"

A rìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, a sọ fún un pé ọkọ̀ kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Porcupine.